Ìyá Ìbejì, ẹ fi ríìmù 17 yín sílẹ̀ bó ṣe wà

Ìyá Ìbejì kọ̀wé sí mi láti Kétu. Wọ́n ní: «Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Jíìpù Toyota Prado ọdún 2005 ni mo ní, venu de France ni mo rà á, ìyẹn àlòkù tó ti Faransé dé. Òun ni mo fi ń wọ abúlé lọ ra kajú, láti Idigny títí dé ẹ̀gbẹ́ Ṣábẹ. Lójò tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló rì, tí ikùn rẹ̀ jókòó sórí ẹrẹ̀. Awakọ̀ mi ní kí n bọ́ táyà 265/65R17 tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kí n ra ríìmù 20 pẹ̀lú táyà tirẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ làwọn ará Kútọnu ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ní táyà íǹṣì 33 ni kí n wá. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì? Owó kajú ni, mi ò fẹ́ kó ṣòfò.»

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrìn, ẹ sì kú ewu ẹrẹ̀. Awakọ̀ yín àti ẹ̀gbọ́n yín fẹ́ kí ọkọ̀ náà ga sí i, òótọ́ sì ni pé ó yẹ kó ga. Ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà gbé e ga ni mi ò fara mọ́. Ẹ má ra ríìmù 20. Ẹ má ra táyà íǹṣì 33 náà. Ríìmù 17 tó bá ọkọ̀ wá, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ ra táyà 265/70R17 márùn-ún, irú èyí tí wọ́n kọ A/T sí lára. Mo mọ̀ pé awakọ̀ yín yóò jiyàn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n là á yé yín kí ẹ lè dá a lóhùn.

Nọ́ńbà ara táyà ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. 265 ni bí táyà ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà. 65 ni gíga ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni pé tí a bá pín fífẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, ògiri náà gba 65 níbẹ̀. 17 ni ríìmù, ní íǹṣì. Ẹ ṣírò rẹ̀ pọ̀: ògiri rọ́bà yín jẹ́ mìlímítà 172, gbogbo táyà láti ilẹ̀ dé orí sì jẹ́ 776. Ẹ wá wo 265/50R20, èyí tó máa wọ ríìmù 20 lára irú ọkọ̀ yín. Láti ilẹ̀ dé orí, 773 ni. Kò ga ju tiyín lọ rárá, ó tilẹ̀ fi díẹ̀ kéré. Ríìmù ló tóbi, rọ́bà ló sì dín kù, nítorí pé ògiri tirẹ̀ jẹ́ 132 péré. Owó ńlá ni ẹ ó san, mìlímítà 40 rọ́bà ni wọn ó sì yọ kúrò láàárín ríìmù yín àti òkúta. Ẹni tó ń rin títì ọ̀dà láti Kútọnu dé Àjàṣẹ́ lè fara da ìyẹn. Ẹni tó ń wọ oko kajú kò lè fara dà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí rọ́bà yẹn ń ṣe. Ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ pupa wa. Tí òjò bá ti wọ́ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ, etí kòtò a mú, òkúta kéékèèké a yọ orí. Tí ẹ bá lọ sókè lọ́hùn-ún sí Ṣábẹ, àpáta gan-an ló ń yọ lójú ọ̀nà. Bí táyà bá kọlu irú etí bẹ́ẹ̀, ògiri rẹ̀ ló máa ń tẹ̀ wọlé bí ìrọ̀rí, tí á sì tún dìde. Bí ògiri bá kúrú, kò ní àyè tí yóò tẹ̀ sí. Òkúta á tẹ rọ́bà mọ́ etí ríìmù, á sì gé e. Mo ti tú irú táyà bẹ́ẹ̀ tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Ojú méjì ló ya, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, bí ibi tí ejò bu ènìyàn jẹ. Àwọn okùn inú rọ́bà ti já, mo ń fi ọwọ́ kàn wọ́n bí irun. Kò sí oníṣẹ́ táyà tó mọṣẹ́ tó máa lẹ ẹ̀gbẹ́ táyà tó ya báyìí kó ní kí ẹ máa bá a lọ sójú ọ̀nà. Dídà nù ló kù. Ríìmù tó gbé e pàápàá ti tẹ̀.

Ó kúkú tún ní ìdí kejì. Nínú ẹrẹ̀, ohun tó máa ń yọ ọkọ̀ jù ni kí a dín afẹ́fẹ́ táyà kù kó lè tẹ́ sílẹ̀. Ògiri gíga ló ń jẹ́ kí èyí ṣe é ṣe. Màá padà sí i.

Ó yá, ti ẹ̀gbọ́n yín. Táyà tí wọ́n ń pè ní íǹṣì 33 lórí ríìmù 17 ni 285/70R17. Láti ilẹ̀ dé orí, 831 ni. Ó fi mìlímítà 55 ga ju tiyín lọ, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ nìkan ló máa gbé ọkọ̀ kúrò nílẹ̀, nítorí pé àárín táyà ni ọkọ̀ ti so mọ́ ọn. Nítorí náà, 27 ni ẹ ó jẹ lérè. Èyí tí mo ní kí ẹ rà, 265/70R17, jẹ́ 803. Èrè tiyín níbẹ̀ jẹ́ 13. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní 13 kéré. Ẹ gbọ́ iye tí 27 yẹn ń gbà kí ẹ tó pinnu.

Lákọ̀ọ́kọ́, kò ní wọlé. Lára Prado yín, táyà yẹn á máa ha etí mádígádì àti irin ara ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn ihò táyà iwájú nígbàkigbà tí ẹ bá yí síténì tán. Àwọn kan máa ń gé irin náà, wọn á sì fi òòlù lù ú wọlé, wọn á tún gbé sípíríǹgì ga. Owó mìíràn nìyẹn, ọkọ̀ tó sì ń gbé yín relé ni wọ́n ń gé. Ìkejì, táyà náà wúwo. Èyí tó nípọn nínú wọn lè fi kìlógíráàmù méje tàbí mẹ́jọ wúwo ju tiyín lọ, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ń sọ yìí. Ẹ́ńjìnnì ló ní láti yí i, bíréèkì ló ní láti dá a dúró, bẹ́ẹ̀ a kò fi kún agbára èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ọkọ̀ á dà bí ẹni tó gbé gíá sókè ṣáájú àkókò rẹ̀: á lọ́ra láti gbéra, epo tó ń jẹ á sì pọ̀ sí i. Ìkẹta, aago ìsáré á máa tàn yín jẹ. Tó bá kọ 100, 107 ni ẹ ń sá ní tòótọ́. Pẹ̀lú 265/70R17, 103 ni, ìyẹn ṣe é fara dà.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ra táyà ńlá láti wo àìsàn tí kò sí lára táyà. Ẹ sọ pé kajú ni ẹ ń kó. Ọkọ̀ ọdún 2005, àpò kajú lẹ́yìn, ènìyàn níwájú, ọ̀nà oko: sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ ti rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ ṣe ohun kan fún mi kí ẹ tó náwó rárá. Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, kí ẹ mú téèpù, kí ẹ wọn láti àárín ríìmù lọ sókè dé etí mádígádì. Ẹ wọn ti ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá di ẹrù bí ẹ ṣe máa ń dì í, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí ẹ̀yìn bá lọ sílẹ̀ tó ìbú ọwọ́ kan, níbẹ̀ ni gíga yín ti sọ nù, kò sì sí táyà tó lè dá a padà. Sípíríǹgì ẹ̀yìn tuntun tó le díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ṣọ́kì tó dára, lè dá gíga padà fún yín ju ohun tí táyà 33 ṣe lọ, láìgé irin, láìda bíréèkì láàmú. Àwọn Prado kan wà tó jẹ́ pé àpò afẹ́fẹ́ ló wà lẹ́yìn wọn dípò sípíríǹgì. Ẹ yọjú wo abẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó bóyá ó ń jò.

Táyà 265/70R17 náà, mi ò ní kí ẹ rà á ní àfọ̀jú. Ọkọ̀ kan kì í jọ ìkejì, pàápàá èyí tó ti ní ìjàǹbá ní Yúróòpù kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ yá ẹyọ kan lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà á, kí wọ́n bá yín so ó mọ́ ẹsẹ̀ iwájú. Ẹ bu amọ̀ tútù, ẹ rọ ọ́ kó tó ìka méjì ní nínípọn, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí mádígádì, mọ́ ẹ̀yìn ihò táyà, àti mọ́ rọ́bà tó ń gba ẹrẹ̀. Ẹ wá gun òkìtì kékeré kan pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn nìkan, kí ìwúwo ọkọ̀ lè tẹ sípíríǹgì rẹ̀ wọlé. Ẹ yí síténì tán sápá òsì, ẹ yí i tán sápá ọ̀tún, kí ẹ sì rọra padà sẹ́yìn bí síténì bá ṣì wà níbẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá wo amọ̀ náà. Ibi tí táyà bá ti kàn án, á dán, á sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ ó rí ojú ìlà táyà níbẹ̀ bí òǹtẹ̀. Bí amọ̀ tó kù níbẹ̀ bá ṣì tó ìka kan, ó dára, ẹ máa lọ. Bó bá jẹ́ rọ́bà ẹrẹ̀ nìkan ló ń ha díẹ̀, a lè fà á sẹ́yìn, a kì í gé irin nítorí ìyẹn. Bí táyà bá kan irin, ẹ má rà á, ẹ dúró sórí 265/65R17 tiyín, A/T náà ni kí ẹ rà.

Kí ni A/T tí mo ń pè lẹ́ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀kejì yìí? Mẹ́ta ni wọ́n. H/T ni ti ọ̀dà, ojú rẹ̀ kò jin. M/T ni ti ẹrẹ̀, ojú rẹ̀ dà bí eyín, àlàfo àárín rẹ̀ fẹ̀. A/T wà láàárín wọn. Mi ò ní purọ́ fún yín: tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ilẹ̀ dúdú ẹ̀gbẹ́ Issaba, kí ènìyàn tó ti Pobẹ dé Kétu, M/T ló mọ̀ ọ́n. Amọ̀ yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ ilẹ̀ pupa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á sán débi tí ọwọ́ ènìyàn lè wọ inú rẹ̀. Tí omi bá kàn án, á wú, á sì lẹ̀ mọ́ táyà títí ojú táyà yóò fi di, tí á dà bí òkèlè fùfú lẹ́nu ìka. Àlàfo M/T fẹ̀ tó láti ju amọ̀ náà nù bó ṣe ń yí. Ti A/T kì í yára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù mélòó nínú ọdún ni ẹ fi ń wọ irú ẹrẹ̀ yẹn? Orí ọ̀dà àti ilẹ̀ pupa ni ẹ ti ń lo ìyókù, níbẹ̀ sì rèé, M/T ń pariwo, ó ń tètè jẹ, ó sì ń pẹ́ kó tó dúró lórí ọ̀dà tó tutù. Èmi kò ní fi ìyẹn sẹ́sẹ̀ ọkọ̀ ìyá ọmọ.

Awakọ̀ yóò tún ní kí ẹ jẹ́ kó fẹ̀ sí i. Rárá. Nínú ẹrẹ̀ tí ilẹ̀ líle wà nísàlẹ̀ rẹ̀, táyà tí kò fẹ̀ jù ló ń gé ẹrẹ̀ dé ibi tó le. Èyí tó fẹ̀ á máa léfòó, á máa yọ̀. 265 tó.

Ibi tí owó kajú ti máa ń ṣòfò jù ni táyà àlòkù. Mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ wò ó, torí ó pọ̀ lọ́jà, ojú rẹ̀ sì máa ń jin. Ẹ wá àmì òkè oníṣóńṣó mẹ́ta tí ìràwọ̀ yìnyín wà nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Táyà ìgbà òtútù ni púpọ̀ nínú èyí tó ní in. Àwọn òyìnbó ń bọ́ wọn jù sílẹ̀, a ń kó wọn wá síbí. Rọ́bà wọn rọ̀, nítorí pé wọ́n ṣe é kó má bàa le nínú yìnyín. Ẹ wá gbé e sórí ọ̀dà wa nínú oòrùn oṣù kẹta, á gbóná, á máa jẹ bí ọṣẹ. Àwọn A/T kan náà ní àmì yẹn, nítorí náà ẹ wo ojú rẹ̀ pẹ̀lú. Tí ẹ bá rí i pé gbogbo orí rọ́bà ló kún fún ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ibi tí wọ́n ti fi abẹ ge, tó sì rọ̀ lábẹ́ èékánná yín, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ DOT tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Bó bá jẹ́ 2316, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Èmi kì í ra táyà tó ti pé ọdún mẹ́fà, bí ojú rẹ̀ bá tilẹ̀ ṣì jin bíi kànga. Rọ́bà a máa gbó láti inú.

Ẹ tún wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé ìwọ̀n rẹ̀. 112 túmọ̀ sí pé táyà kan lè ru kìlógíráàmù 1120. Ẹ má gba èyí tó kéré sí ohun tó wà lára táyà tó bá ọkọ̀ wá.

Mo ní kí ẹ má ra ríìmù, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú tiyín ti tẹ̀, tí ẹ sì ní láti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wá ti Toyota gan-an, ti irú Prado yín. Ihò mẹ́fà, 139.7 láti ihò dé ihò tó dojú kọ ọ́, 106.1 ni ihò àárín. Bí ẹ bá ra ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, nọ́ńbà wọ̀nyẹn lè bá a mu kí nọ́ọ̀tì má bá a mu. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an nìyí.

Mo ra ríìmù mẹ́rin fún jíìpù Toyota 4Runner mi lọ́wọ́ ẹnìkan tí mo fọkàn tán. Ó rẹwà, ó wọlé ṣinṣin. Kò sọ fún mi pé ìdí ihò rẹ̀ rí bí àrọ, èmi náà kò sì fi ìka wá a wò bó ti yẹ. Nọ́ọ̀tì àtijọ́ ni mo dá padà sí i. Nọ́ọ̀tì ríìmù Toyota tó jẹ́ alumíníọ̀mù máa ń ní ọrùn gígùn, ìdí rẹ̀ tẹ́jú, ó sì ní wáṣà. Nínú ihò tó rí bí àrọ, etí nìkan ló fi ń kàn. Mo mú un le gan-an. Ìyàwó mi àti ọmọ méjì wà nínú ọkọ̀, a ti kọjá Pobẹ, a ń bọ̀ ní Kétu, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ kó, kó, kó, ní ẹsẹ̀ òsì iwájú. Mo rò pé òkúta ló há síbẹ̀. Síténì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rọra bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo sì fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́: ìka ni mo fi yí i. Méjì ti bọ́ lọ. Ihò ríìmù tí wọ́n kúrò níbẹ̀ ti fẹ̀, kò rí róbótó mọ́, eérú alumíníọ̀mù dúdú sì yí i ká. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà yẹn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Láti ọjọ́ náà, mi ò so ríìmù kankan fún ẹnikẹ́ni láìfi ìka wá ìdí ihò rẹ̀. Ihò tó rí bí àrọ, nọ́ọ̀tì oníṣóńṣó. Ihò tó tẹ́jú, nọ́ọ̀tì oníwáṣà. Ẹ sọ fún awakọ̀ yín bẹ́ẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ ki irin sáàárín ríìmù àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ kí táyà lè yọ síta, ẹ má gbà fún un. Béárìn ẹsẹ̀ ni yóò san gbèsè rẹ̀, gbogbo ẹrẹ̀ tí táyà bá sì gbọn á máa bá ilẹ̀kùn yín.

Afẹ́fẹ́ wá kù. Ìwé kékeré tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀ ló ń sọ iye tí ẹ ó fi sí i, ti òfìfo àti ti ẹrù. Bí táyà tuntun bá ní LT níwájú nọ́ńbà rẹ̀, ìyẹn irú èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, ó nílò afẹ́fẹ́ tó ju ìyẹn lọ díẹ̀ kó tó lè ru ẹrù kan náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Tí ẹ bá dé etí ẹrẹ̀, kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ dín in kù sí báà kan ààbọ̀ (báà ni a fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà). Ẹ ó rí i tí ìdí táyà gùn sílẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú díẹ̀. Ẹ rọra máa lọ, ẹ má yí síténì lójijì. Mo gbà pé nínú ẹ̀ẹ̀mẹta tí ẹ rì yẹn, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan wà tí èyí nìkan ì bá mú yín kọjá. Kí ẹ tó padà sórí ọ̀dà, ẹ fa á padà sí iye rẹ̀, torí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré tó ń sáré lórí ọ̀dà á gbóná, á sì bẹ́. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì ọkọ̀ wà lọ́jà, ẹ ra ọ̀kan sínú ọkọ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn.

Mo ní táyà márùn-ún, kì í ṣe mẹ́rin. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Prado yín ló ń fa ọkọ̀ nígbà gbogbo. Bí ọ̀kan bá ga ju ìyókù lọ, gíá tó wà láàárín ọkọ̀ á máa ṣiṣẹ́ láìsinmi láti fi wọ́n dọ́gba, á sì gbóná. Nítorí náà, táyà àfikún tó wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Ẹ máa yí wọn káàkiri, karùn-ún náà pẹ̀lú, kí wọ́n lè jẹ dọ́gba. Tí wọ́n bá so wọ́n tán, ẹ rin nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà, kí ẹ tún fún nọ́ọ̀tì le lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ẹ̀yìn ọkọ̀ fún mi, òfìfo àti pẹ̀lú ẹrù, kí ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́ sí mi. Ibẹ̀ ni màá ti mọ̀ bóyá sípíríǹgì ni kí ẹ kọ́kọ́ rà tàbí táyà.